Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìgbẹ̀yìn àjò: Ara ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe ẹrù

  Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àgbà wa, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe àwọn tó wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ni mo ń bá wí. Àwọn tí mo ń sọ ni àwọn tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n kó owó tí kò tó nǹkan sápò, tí wọ́n wọ mọ́tò ní Mile 2, tí wọ́n ní àwọn ń lọ wo Cotonou, Lomé àti Accra, tí àwọn mìíràn sì ní àwọn á dé Abidjan.

Bí ẹ bá ń gbé Ajégúnlẹ̀ tàbí Àpápá bíi tèmi, ẹ mọ̀ wọ́n dáadáa. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ tí kò tíì ríṣẹ́ wà nínú wọn. Èyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó gbọ́ pé Samson Siasia àti Emmanuel Amuneke ti Ajégúnlẹ̀ wa níbí dé òkè òkun, tí òun náà sì fẹ́ lọ gbìyànjú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Gánà, wà níbẹ̀. Obìnrin náà wà níbẹ̀, tó kàn fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ayé kó tó wọlé ọkọ. Èmi ò ní bá yín bú wọn. Ìlú Èkó wa níbí ni wọ́n ti dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, láti ọdún 1979 ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba físà, kó lo 90 ọjọ́ níbẹ̀, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti káàdì àjẹsára rẹ̀ bá pé. Rírin ìrìn-àjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà rántí Ọlábísí Àjàlá tó fi alùpùpù kékeré tí a ń pè ní Vespa rin ayé já, tí Ebenezer Obey sì dárúkọ rẹ̀ nínú orin. Ní ọdún 2022, Kunle Adeyanju gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó, ó gbéra nínú oṣù kẹrin, ó sì dé ní ìparí oṣù karùn-ún. Ó fi ìrìn náà wá owó láti gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Ní ọdún 2024, ọmọbìnrin kan, Pelumi Nubi, fi mọ́tò kékeré rìn ín. Ó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí oṣù kìíní, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin. Ọmọ tó bá gbọ́ irú èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yún un ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín. Nígbà tí Pelumi Nubi ti kọjá aṣálẹ̀, tó ti kọjá orílẹ̀-èdè púpọ̀, tó ku díẹ̀ kó délé, ìgbà yẹn ni ìjàǹbá ọkọ̀ bá a ní Côte d'Ivoire, nínú oṣù kẹta ọdún 2024. Kò kú, ọpẹ́ ni. Ó tún mọ́tò rẹ̀ ṣe, ó sì ń bọ̀ nílé. Èmi ò sọ ohun tó fa ìjàǹbá yẹn, nítorí n kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń ṣe ni pé ìgbẹ̀yìn àjò ni ara máa ń dá ọmọ ènìyàn dúró jù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, owó wà lọ́wọ́ ọmọ, oògùn tí ẹ rà fún un wà nínú báàgì, ìbẹ̀rù sì wà lára rẹ̀. Ó ń ra omi tó mọ́, ó ń sùn síbi tó dáa. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, oògùn ti tán, ìbẹ̀rù náà sì ti tán. Ó ti di ará ibẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Nígbà tí Àpápá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ayé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn díẹ̀ ní àdúgbò tiwa kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Bí ẹ bá dúró ní Wharf Road ní Àpápá lónìí, ohun tí ẹ máa rí ni tírélà, ẹrù àti eruku. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún mọ̀ pé èrò náà ń gba ibẹ̀ kọjá láyé ọjọ́un. Láti ọdún 1951 ni ọkọ̀ ojú omi Aureol, ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, ti ń ná Liverpool sí Èkó, títí wọnú àwọn ọdún 1970. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò lórí omi. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ló gba ọ̀nà omi yẹn lọ, tí wọ́n sì gba ibẹ̀ padà pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo.

Ẹ wò ó, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní dókítà tirẹ̀. Bí ara ènìyàn bá gbóná lójú omi, wọ́n á mọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì fẹ́ wọ èbúté, ó ní láti ta àsíá yẹ́lò sókè, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, “Kò sí àìsàn nínú ọkọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé.” Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera èbúté ló ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Títí di òní, iṣẹ́ àwọn tí a ń pè ní Port Health nìyẹn fún àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń wọ Àpápá àti Tin Can.

Ẹ wá sọdá sí Ajégúnlẹ̀, kò jìnnà, afárá àti gọ́tà ló pín wa níyà. Ọmọ tó ti Accra dé máa sọ̀kalẹ̀ ní Mile 2 lálẹ́, á gun ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Boundary, á gba àárín ọjà kọjá, á sì wọ yàrá kan tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀. Ta ló bi í bóyá ara rẹ̀ le? Kò sí dókítà nínú mọ́tò tó gbé e wá. Kò sí àsíá kankan tó ta. Ẹ̀yin òbí ni Port Health tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ mi.

Accra: nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà náà láti ìparí rẹ̀ bọ̀ wálé. Ẹ gbà pé ọmọ yín wà ní Accra, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó máa dé. Ó ti ka owó rẹ̀, ó rí i pé kò ní tó. Ohun àkọ́kọ́ tó máa dín kù ni ibi tó ń sùn. Á kúrò ní yàrá tó ní nẹ́ẹ̀tì, á lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ẹní nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ti ya. Ẹ̀fọn Accra kò yàtọ̀ sí ẹ̀fọn Ajégúnlẹ̀. Bí ẹ̀fọn tó ní kòkòrò ibà bá jẹ ènìyàn, ibà náà sábà máa ń lo ọjọ́ méje sí oṣù kan kó tó yọjú. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́ ní Accra lè má dá a dùbúlẹ̀ títí tó fi dé iwájú yín.

Ohun kejì tó máa dín kù ni omi àti oúnjẹ. Kò sí ohun tó burú nínú kẹ́ńkẹ́ tàbí wààkyé, oúnjẹ gidi ni wọ́n, bí wọ́n bá ṣì gbóná. Èyí tó ti tutù látàárọ̀ tí eṣinṣin ti bà lé, tí wọ́n ń ta lẹ́dìnwó nírọ̀lẹ́, ni kó sá fún. Ẹ má gbàgbé pé kọ́lẹ́rà jà burúkú ní Gánà ní ọdún 2014, Accra ló sì pọ̀ sí jù. Kọ́lẹ́rà kì í dúró pẹ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún tí ènìyàn bá mu omi tó ní kòkòrò rẹ̀, ìgbẹ́ olómi lè bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba omi ara títí ènìyàn á fi ṣubú.

Nítorí náà, kí ọmọ yín tó lọ, ẹ kọ́ ọ ní omi iyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ mú omi tó mọ́, lítà kan, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà sí i, kí ẹ gé orí ṣíbí náà dọ́gba, kó má ga bí òkè. Ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì sí i. Ẹ rò ó pọ̀ títí tó fi máa yòrò. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, nígbàkígbà tó bá yàgbẹ́ kó tún mu. Bí ó bá tún rí èyí tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní ORS ní kẹ́mísì, kó rà á, kò wọ́n. Ẹ sọ fún un pé èyí kò ní kó má lọ sí ọsibítù bí ìgbẹ́ náà bá pọ̀, ó kàn ń gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà láàyè ni.

Lomé: ibi tí ebi ti ń di aṣọ

Láti Tudu ní Accra, mọ́tò á gbé e dé Aflao, á fẹsẹ̀ rìn kọjá bọ́dà, ó ti wà ní Lomé nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí.

Ẹ̀yin ìyá mọ Lomé ju èmi lọ. Aṣọ Lomé! Àwọn obìnrin oníṣòwò aṣọ ibẹ̀, tí ayé ń pè ní Nana Benz nítorí ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí wọ́n ń gùn, òkìkí wọn kàn káàkiri Áfíríkà. Ọmọ yín á wọ ọjà ńlá Lomé, á rántí pé ẹ ti pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí lẹ bi í? “Kí lo ń mú bọ̀ fún wa?” Àbúrò rẹ̀ náà bi í bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kó mú bàtà bọ̀ fún òun. Àwàdà ni lójú yín. Ẹnu lásán ni. Lójú ọmọ tó wà lájò, àṣẹ ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ti ìdálẹ̀ dé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo kí ará àdúgbò máa fojú burúkú wò ó.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ gbé wá sí ibi iṣẹ́ wa ní ìdájí ọjọ́ kan. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ojú rẹ̀ ti wọlé, kò lè jókòó tì. Ìyá rẹ̀ wọ ìró tuntun, aṣọ Lomé tó pupa tó sì dán. Bí a ti ń wá iṣan tí a máa gba omi sí, mo bi ọmọ náà pé ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn. Ó ní láti ọjọ́ mẹ́ta, búrẹ́dì àti omi ni òun ń jẹ. Mo bi í pé kí ló dé. Kò dá mi lóhùn, ó kàn wo ìró tó wà lára ìyá rẹ̀. Ìyá náà rí i. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ibà ló ń ṣe ọmọ yẹn, ebi sì ti kọ́kọ́ gba agbára tó yẹ kó fi bá ibà jà. Ó yè é. Ọjọ́ kẹrin ló jẹ ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n ìró yẹn, n kò rò pé ìyá náà tún gbádùn wíwọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ò jẹ̀bi bí ọmọ yín bá ra nǹkan wálé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tó ti ń ṣírò sẹ́fà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní agbára láti kọ̀ fún yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ̀ fún ara yín. Ẹ sọ fún un ní kedere pé, “Má ra nǹkankan bọ̀. Ìwọ ni ẹrù tí mò ń retí.” Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ kò ní gbà yín gbọ́.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kó ṣọ́ lójú ọ̀nà yìí ni ọgbẹ́. Báàgì tó ti ń họ èjìká rẹ̀ fún oṣù méjì, bàtà tó ti já, èékánná ẹsẹ̀ tó ta òkúta, gbogbo wọn ni kòkòrò ń gbà wọlé. Kó fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kó bò ó. Bí irin tó dípẹtà tàbí ìṣó bá gún un, kó lọ gba abẹ́rẹ́ ipá, kó má ní òun á gbà á bí òun bá délé.

Cotonou: Ajégúnlẹ̀ kejì

Láti Lomé, ó kọjá Aného, ó kọjá bọ́dà Hilla-Condji, ó kọjá Grand-Popo, ó dé Cotonou. Ará tiwa pọ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Bí ó bá dé Àjàṣẹ́, tí àwọn ń pè ní Porto-Novo, Yorùbá ló máa fi béèrè ọ̀nà, wọ́n á sì dá a lóhùn. Èyí dára púpọ̀ fún aláìsàn, nítorí ẹni tí kò gbọ́ Faransé kò lè ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún fún dókítà, ara rẹ̀ ló máa fi ṣe àpèjúwe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó máa yà yín lẹ́nu. Nínú ọjà Dantokpa ní Cotonou, apá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adjégounlè. Bẹ́ẹ̀ ni, Ajégúnlẹ̀ kan náà, Faransé ló yí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ayé mọ Ajégúnlẹ̀ ti ibẹ̀ sí ni oògùn. Oògùn gbogbo ló máa ń kún ilẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, ojúlówó àti ayédèrú, tí ẹni tó ń tà á kò kọ́ iṣẹ́ oògùn. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba Benin kó ọlọ́pàá wọ ibẹ̀, wọ́n sì gba oògùn rẹpẹtẹ lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe tiwọn nìkan o. A mọ irú òwò bẹ́ẹ̀ nílé náà.

Ọmọ tí owó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí orí ń fọ́, irú ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbé e lọ, nítorí pé oògùn ibẹ̀ pọ́ọ́kú. Oògùn ibà tó jẹ́ ayédèrú kì í pa kòkòrò ibà, á kàn mú kí ara rọ̀ díẹ̀, kí ọmọ rò pé ó ti lọ, kó tún wọ mọ́tò. Ẹ sọ fún un pé ilé oògùn gidi ni kó lọ, èyí tí wọ́n gbé àmì àgbélébùú aláwọ̀ ewé kọ́ síwájú rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá sì jẹ́ ibà, oògùn alápapọ̀ tí a ń pè ní ACT ni kí wọ́n fún un, kó lò ó tán fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bí ara bá tiẹ̀ ti yá ní ọjọ́ kejì. Láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti fi chloroquine sílẹ̀ fún ìtọ́jú ibà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé kòkòrò náà ti mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣì ń kó o sínú àpò fún ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró.

Kó sì ṣọ́ra fún ọ̀kadà ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní zémidjan, bó ti ń ṣọ́ra fún tiwa. Ọmọ tí oorun ń kùn, tí báàgì wúwo lẹ́yìn rẹ̀, kó má jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà lóru láìdé akoto.

Sẹ̀mẹ̀ sí Mile 2

Ọ̀nà tó kù kò gùn lójú àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ àti Badagry bọ̀ mọ̀ pé ó lè gba odindi ọjọ́. Nígbà mìíràn, ọ̀nà náà tiẹ̀ lè tì pa. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti bọ́dà ilẹ̀, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Ẹni tó ti ná owó rẹ̀ tán nígbà yẹn mọ bí ó ti rí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ọmọ fi owó ọ̀nà ilé àti owó ọsibítù kan pamọ́ láti ọjọ́ tó ti jáde, kó di í sí ibi ọ̀tọ̀, kó má fọwọ́ kàn án bí ebi bá tiẹ̀ ń pa á. Bí ebi bá ń pa á, ẹ̀yin ni kó pè.

Bí ó bá jókòó sínú mọ́tò ju wákàtí mẹ́rin lọ, kó máa na ẹsẹ̀, kó máa yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì sọ̀kalẹ̀ rìn díẹ̀ níbikíbi tí mọ́tò bá ti dúró. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó pẹ́ láìmira. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó ń dùn ún lẹ́yìn àjò, tàbí tí àyà bá ń dùn ún tí kò lè mí dáadáa, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe àtùpa rọ́bù.

Èyí kan ẹ̀yin àgbà náà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń lọ sí Cotonou fún òkú, fún ìgbéyàwó, fún ọjà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù tí mo ń rí ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà á tán ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, màmá á ní, “Ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré, bí mo bá délé mà á rà á.” Ọjọ́ mẹ́rin péré ti tó fún ẹ̀jẹ̀ láti ru sókè. Ẹ ka oògùn yín kí ẹ tó lọ, ẹ sì fi ti ọ̀sẹ̀ kan lé e.

Ó ti délé, àjò kò tíì parí

Ọmọ ti wọlé. Ẹ ti rẹ́rìn-ín, ẹ ti ṣe àsè. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ara rẹ̀ gbóná. Gbogbo ilé á ní, “Ó rẹ̀ ẹ́ ni, ẹ jẹ́ kó sùn.” Ẹnì kan á sọ pé kí wọ́n se àgbo. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ìdálẹ̀ dé, tí ara rẹ̀ sì gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má pè é ní àárẹ̀. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ajeromi General Hospital wà ní Ajégúnlẹ̀, Apapa General Hospital wà lọ́hùn-ún. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá sì ti kọjá, ẹ ṣì sọ ọ́, nítorí ibà mìíràn máa ń pẹ́ kó tó yọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún nọ́ọ̀sì ni ibi tí ọmọ ti ń bọ̀. Ẹ dárúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìdí tí àwọn mìíràn fi ń pa á mọ́, wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á ti ọmọ mọ́lé. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí oṣù keje ọdún 2014. Patrick Sawyer wọ bàálù láti Làìbéríà, ó gba Lomé, ó dé Èkó pẹ̀lú àìsàn. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fura pé ọ̀rọ̀ náà ju ibà lásán lọ, tí wọ́n kọ̀ kí ó jáde nígbà tí àwọn kan fẹ́ kó jáde. Ebola ni. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Adadevoh alára wà nínú wọn. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò bí ó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ wọ yàrá ènìyàn mẹ́fà ní Ajégúnlẹ̀, tí gbogbo ilé sì ń sọ pé àárẹ̀ ni.

N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Nínú àwọn ọmọ tó ń ti ọ̀nà yìí dé pẹ̀lú ara gbígbóná, ibà ẹ̀fọn la máa ń bá lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì ní oògùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lẹ́nu tàbí ní imú, bí ojú bá di yẹ́lò, bí ó bá ń sọ̀rọ̀ tí kò yé ènìyàn, bí ó bá ń gbọ̀n bí ẹni tí gìrì mú, bí èébì kò bá jẹ́ kí oògùn dúró nínú rẹ̀, ẹ má dúró de àárọ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, ẹ má fọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì rẹ̀, kí ìyá àgbà àti ọmọ ọwọ́ kúrò nínú yàrá náà. Nọ́mbà àjọ NCDC tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn ni 6232, ọ̀fẹ́ ni. Ti pàjáwìrì l'Ékòó ni 112 tàbí 767.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín kò sì tíì lọ, ẹ jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kó tó lọ, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá sí ìgbà tó máa gbéra. Láti oṣù keje ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan náà tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Kó gba abẹ́rẹ́ náà gan-an, kó má lọ ra káàdì yẹ́lò lásán. Káàdì kì í bá ẹ̀fọn jà.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ilé náà dùn ún wọ̀. Lálẹ́ òní, bí ọmọ yín bá wà lójú ọ̀nà, ẹ pè é. Ẹ bi í pé, “Kí lo jẹ lónìí? Ibo lo máa sùn? Ṣé ara rẹ kò gbóná?” Bí ó bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ẹ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má jẹ́ kó tọrọ rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ tọ́jú ara yín, ẹ sì tọ́jú àwọn ará ilé. Ire o.